Iná Igun Mọ́tò Nives

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Nives Bortolan sínú kòtò ní ìkóríta ilé iṣẹ́ ṣúgà ìlú Tully. Díẹ̀ báyìí ló kù. Ìbínú ru bo ìyá náà. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó bọ́ sínú òjò láìmú agbòjò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ítálì tí bàbá rẹ̀ fi ń bú ẹṣin bú awakọ̀ náà. Ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n kan ni awakọ̀ ọ̀hún. Ó dúró kí ìyá bú tán, ó wá rọra pè é síwájú mọ́tò ìyá fúnra rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ tan tirafíkétọ̀ yín kí ẹ tó yà?"

"Mo tàn án! Ṣé ọmọdé lo pè mí ni? Ìyá ẹ ò tíì mọ bàbá ẹ nígbà tí mo ti ń wa mọ́tò."

"Ẹ tàn án lóòótọ́, ìyá. Inú omi lẹ tàn án sí. Ẹ wò ó."

Nives bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iná igun mọ́tò náà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ńlá iwájú, ti gba omi dé ìdajì bí ife tí wọ́n mu kù. Gílóòbù wà nísàlẹ̀ omi náà, ó ti dúdú, ó ti kú. Ó lọ wo ti apá kejì. Ìyẹn tilẹ̀ ti hu nǹkan tútù yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ bí ara òkúta inú odò. Ó bẹ ọkùnrin náà, ó padà sínú mọ́tò, ó sì wà á dé ilé bí ẹni tó gbé ẹyin lérí.

Mọ́tò kékeré pupa yìí, tí oòrùn Tully ti ṣá títí tó fi dà bí ẹran tí wọ́n bọ̀, ti Marisa ni tẹ́lẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Nives bí. Iná igun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe èyí tó bá a dé. Nígbà tí ọmọkùnrin kan, Leith, ń fẹ́ Marisa, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbóná lára àwọn méjèèjì, ni Leith yọ iná aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ṣe mọ́ mọ́tò náà, tó fi àwọn funfun kedere yìí rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó ṣe mọ́tò ló ṣe wọ́n. Àwọn aláfarawé níbi kan lókè òkun ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ló ń lọ lóde nígbà náà, ojú mọ́tò sì dán bí ojú ìyàwó.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ara wọn. Kò sẹ́ni tó lu ẹnì kan, kò sẹ́ni tó mú ẹnì kan mọ́ àlè; ilé kàn ń tutù díẹ̀díẹ̀ ni, títí ó fi di ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó rántí láti dáná sí i. Marisa kó lọ sí Perth, ìlú kan ní ìpẹ̀kun orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ kejì, ó sì ní ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó fi mọ́tò sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Leith wà ní Tully níbi tó wà, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ ṣúgà.

Ohun tó ya àdúgbò lẹ́nu ni pé ìyàwó kọ ọkọ, ṣùgbọ́n àna kò kọ àna. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, Leith á wá. Á gé koríko tí òjò kì í jẹ́ kó sinmi, á gun òrùlé, á kó ewé tó dí gọ́tà òrùlé, á jókòó mu kọfí dúdú inú ìkòkò kékeré, á lọ. Wọn kì í dárúkọ Marisa. Nives náà kì í sì dárúkọ Leith fún Marisa. Bí ọmọ bá pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday, tó bi í pé, "Màmá, ta ló ń bá yín gé koríko?" ohun tí yóò sọ ni pé, "Ẹnì kan ni." Irọ́ kọ́. Òótọ́ náà kọ́.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin tó ń ta ẹran ti sọ fún un pé wọ́n rí Leith pẹ̀lú obìnrin kan ní Cardwell, wọ́n jọ ń jẹ ẹja díndín létí òkun. Nives ní ó dáa, ó san owó ẹran, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí kí Leith sọ ọ́ fún òun. Leith kò sọ. Ó ń gé koríko, ó ń mu kọfí, ó ń lọ. Ẹ̀rù wá ń ba ìyá náà lọ́nà kan tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú á ti ẹni tó bá ń jowú lórí ọkọ tí ọmọ ẹni ti kọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó ròyìn iná mọ́tò fún Leith lórí fóònù, Leith pariwo. "Màmá! Ọkọ̀ akẹ́rù? Ẹ má gbé mọ́tò yẹn jáde mọ́. Mo máa rí iná tuntun." Iná náà dé nínú páálí. Ní Sátidé, Nives ń se kọfí lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀ Leith. Ó yọjú lójú fèrèsé. Kì í ṣe Leith ló ń wà á. Obìnrin ni.

Leith sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Wọ́n ti fi báńdéèjì funfun, líle bí òkúta, di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?" ni Nives kígbe kó tó jáde tán.

"Irin ló já lé e níbi iṣẹ́, Màmá. Kò burú. Ó kàn ṣẹ́ díẹ̀ ni."

"Ó ṣẹ́ díẹ̀! Ṣé eegun náà ní díẹ̀?" Ó wo obìnrin náà. Kò ga, apá rẹ̀ le, irun rẹ̀ kúrú bí ti ọkùnrin, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ dání. "Ta nìyí?"

Leith wo ilẹ̀. "Coralie ni, Màmá. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bàbá rẹ̀ ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Mo ní kó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ bá wa ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí tèmi ò ti ṣeé lò."

"Ọ̀rẹ́ ẹ," ni Nives wí. "Ó dáa. Ọ̀rẹ́ náà, ẹ wọlé."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni Coralie wí.

"Ìyáàfin Bortolan ni mo ń jẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Bortolan," ni obìnrin náà tún sọ. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Nives ṣàkíyèsí ìyẹn, ó sì dùn ún díẹ̀ pé kò yí padà.

Coralie ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdè kan ṣoṣo, ìyẹn súkúrù, ló mú iná igun kọ̀ọ̀kan dúró, ó ti dípẹtà. Ó da epo sí i, ó dúró, ó fi sukudiráfà tú u. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ fa iná náà síwájú, kò fi agbára, títí ó fi dún pó tó sì jáde. Omi inú rẹ̀ dà sí bàtà Leith. Coralie yí ẹnu gílóòbù, ó yọ ọ́. Ó gbé òkú iná náà sókè sójú oòrùn, ó ń fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kiri.

"Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i níbi gbogbo," ló wí, "títí kan ihò ìsàlẹ̀. Ta ló ṣe èyí?"

Leith ń wo òrùlé bí ẹni tí wọ́n ń pè lókè ibẹ̀.

"Kí ló burú nínú pé ó dí i?" ni Nives bi í. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ọkùnrin náà. "Ṣé kì í ṣe kí omi má baà wọlé ni?"

"Omi á rí ibì kan gbà wọlé ṣá, ìyáàfin. Bí gílóòbù bá gbóná tó tún tutù, á fa atẹ́gùn tútù wọlé, á di ìrì nínú ẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ yẹn ni iná náà fi ń mí. Bí wọ́n bá dí i, ohun tó wọlé ò ní rí ọ̀nà jáde mọ́."

Ó tú páálí, ó yẹ àwọn tuntun wò. Ó mi orí. Àwọn wọ̀nyí náà, aláfarawé ló ṣe wọ́n, ó sì hàn: gọ́ọ̀mù tó so gíláàsì rọ́bà iwájú mọ́ ìdí rẹ̀ pọ̀ níbì kan, kò sí rárá níbòmíràn. "Bí mo bá gbé e wọlé báyìí, kí òjò ọ̀sẹ̀ yìí tó dá, ẹja á ti wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ooru rọ gọ́ọ̀mù yìí, kí n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí n wá fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi yí i ká. Ṣé ẹ ní ààrò?"

"Ààrò wo?"

"Èyí tí ẹ fi ń yan nǹkan. Iná díẹ̀ ló máa gbà."

Nives yíjú sí Leith. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ? Ó fẹ́ gbé mọ́tò sínú ààrò tí mo fi ń yan búrẹ́dì."

"Kì í ṣe gbogbo mọ́tò náà, Màmá," ni Leith wí.

"Dákẹ́, ìwọ alápá kan."

Coralie bú sẹ́rìn-ín. Nives kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣáájú wọn wọlé, ó yọ àwo búrẹ́dì kúrò nínú ààrò, ó tẹ́ pépà sórí àwo náà fúnra rẹ̀. Coralie tan ààrò náà kékeré, ó gbé iná igun méjèèjì sínú rẹ̀ lórí àwo, ó kúnlẹ̀ síwájú dígí ààrò bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹyin tó fẹ́ pa. Leith dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Òórùn rọ́bà gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

Marisa ni. "Màmá, mo ní iṣẹ́ lọ́la, ni mo ṣe ní kí n pè yín lónìí. Ṣé òjò ṣì ń rọ̀?"

"Ìgbà wo ni kì í rọ̀?"

"Ìyáàfin," ni Coralie ké láti ìdí ààrò, "ẹ bá mi wá aṣọ tó nípọn, kó má jó mi lọ́wọ́!"

"Ta nìyẹn?" ni Marisa bi í.

Nives mọ ohun tó yẹ kí òun sọ. "Ẹnì kan ni" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, gbólóhùn kékeré tó ti ń bá a gbé láti ọdún wọ̀nyí wá. Leith ti gbé ọwọ́ kan tó kù fún un sókè, ó ń bẹ̀ ẹ́ láìfọhùn. Nives wo ẹ̀yìn obìnrin tó kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ilé ìdáná òun, tí kò tíì bi òun ní ohunkóhun ju ààrò lọ, ó wá rẹ̀ ẹ́ lójijì.

"Leith wà níbí," ló wí. "Ó wá bá mi tún iná mọ́tò ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, ni obìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó ṣe ń bá a ṣe é."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un; òun ló fi ojú ara rẹ̀ rí i. Leith fi ọwọ́ kan bo ojú. Coralie yí ojú padà láti ibi tó kúnlẹ̀ sí.

"Látìgbà wo ló ti ń wá?" ni Marisa bi í.

"Látìgbà tí o ti lọ. Òun ló ń gé koríko."

"Màmá! Gbogbo ìgbà tí mo ń bi yín?"

"Mo ṣáà sọ pé ẹnì kan ló ń gé e."

"Leith kì í ṣe ọmọ yín, Màmá. Èmi ni ọmọ yín. Èmi lẹ bí."

"Ìwọ ni ọmọ mi. N kò ní ẹlòmíràn, n kò sì wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Marisa, ilé yìí tóbi, òjò ibí ò sì mọ̀ pé ọkọ mi ti kú. Ẹni tó bá gun òrùlé mi, ṣé kí n bi í pé ọmọ ta ni?"

Marisa pa fóònù náà. Nives kò gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ó mú un dání síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

"Ààrò!" ni Leith ké.

Coralie fo dìde, ó fi etí ẹ̀wù ara rẹ̀ fa àwo jáde. Ti ọ̀tún ṣì dára. Ti òsì ti yọ́ létí kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọ́ bí ètè ẹni tó fẹ́ sunkún. Kò bú ara rẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. "Pẹ́ẹ̀gì aṣọ," ló wí. "Ìyáàfin, pẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń há aṣọ. Kíá, kó tó le!"

Nives sáré. Ó kó gbogbo pẹ́ẹ̀gì tó wà lórí okùn wá. Àwọn obìnrin méjèèjì wá ń fi pẹ́ẹ̀gì há etí iná náà pọ̀ mọ́ra yí ká, ọwọ́ wọn ń gbún ara wọn, ooru ń jó wọn, títí nǹkan náà fi dà bí òòrẹ̀. Nígbà tó tutù, Coralie fa gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi yí àwọn méjèèjì ká, ó fi ìka tó kì bọ omi ọṣẹ mú un dán. Ó ní gọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tó gbẹ, òun á padà wá lọ́la. Nígbà tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó dúró.

"Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn wá bá yín parí ẹ̀," ló wí, "mi ò ní bínú."

"Ta ni mo fẹ́ pè?" ni Nives wí. "Ìwọ lo gbé e sínú ààrò."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Nives ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Coralie nìkan ló wá.

"Leith ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ló lọ ni?"

"Rárá o. Ẹ̀yin ló ń sá fún."

Wọ́n bu omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Coralie yọ pẹ́ẹ̀gì, ó dí ihò ìsàlẹ̀ àti ẹnu gílóòbù pẹ̀lú ìka, ó ri iná ọ̀tún sínú omi. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ri ti òsì. Ìfófó kékeré kan tẹ̀lé èkejì jáde níbi etí tó yọ́. Ó pòṣé, ó nù ún gbẹ, ó fi ọ̀bẹ ha ibẹ̀, ó sì tún un dí. Ó ní èyí tó kéré báyìí kì í pẹ́ gbẹ, kódà níbi ọ̀rinrin, torí inú òkun ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n kí àwọn ṣì fún un láyè díẹ̀. Wọ́n jókòó lábẹ́ òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nives gbé kọfí wá, àti kurósítólì, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n dín tó rí bí ṣín-ṣín, tí wọ́n bu ṣúgà lé lórí.

"Nígbà wo ni ìgbéyàwó yín?" ló bi í láìfi bò.

Coralie jẹ tẹnu rẹ̀ tán. "Kò tíì lọ́jọ́. Leith ní àfi kí òun kọ́kọ́ sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀ níbí ló ti pinnu pé òní lòní. Bó bá padà dé, màá ní, 'Ṣé o sọ?' Á ní, 'Mo gé igi máńgòrò.' Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 'Ṣé o sọ?' Á ní, 'Mo kun ọgbà.'"

Nives rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i láṣọ. "Mo ti ń rò ó pé kí ló dé tó fi kun ọgbà tó dáa!" Ẹ̀rín náà dá. Ó nu aṣọ rẹ̀. "Bí ẹ bá wá ṣe é tán," ló wí, kò sì parí rẹ̀.

Coralie mọ ohun tó kù. Ó wo inú ife rẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún yín, ìyáàfin. A máa kó lọ sí Cardwell. Bàbá mi ti ń darúgbó, iṣẹ́ ọkọ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Leith ní òun á máa wá ní gbogbo Sátidé. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ bí ayé ṣe rí. Á máa wá, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan á fo, bóyá kí ọmọ dé, kí òjò gé ọ̀nà. Kò ní rí bó ṣe rí yìí mọ́."

Ó dun Nives. Kò díbọ́n fún ara rẹ̀ pé kò dun òun. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tó lè gba òtítọ́. Marisa máa ń sọ pé kó má ṣe ìyọnu. Leith máa ń kun ọgbà. Ó wo ọmọbìnrin náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí àpá iná ààrò tó pọ́n lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

"O ṣeun tí o sọ ọ́," ló wí. "Ṣé o ti fi nǹkan sí ojú iná ọwọ́ ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan, ìyáàfin."

"Gbé e wá. Ìyáàfin náà tó gẹ́ẹ́. Nives ni orúkọ mi."

"Ẹnu mi ò lè gbé e lásán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ju ìyá mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n pè yín ní Màmá Nives."

"Pe ohun tó bá rọrùn fún ọ. Dákẹ́ kí n fi òróró sí i."

Wọ́n tún un dán wò nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìfófó. Coralie fi gílóòbù aláwọ̀ ọsàn sí i, torí gíláàsì rẹ̀ funfun, kí ọlọ́pàá má baà bá wọn wí, ó fi gírísì sí ẹnu wáyà kó má dípẹtà, ó fi rọ́bà róbótó yí ìdí rẹ̀ ká. Nígbà tó ń ti ìdè òsì, Nives gba sukudiráfà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi hàn mí," ló wí. "Bí ẹ bá kó lọ, ta ni màá pè?" Coralie fi hàn án. Nives tú u, ó tún un dè, ó tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dè é láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó wọ inú mọ́tò, ó tan tirafíkétọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Coralie dúró sínú rẹ̀ níwájú mọ́tò, ó ń gbé àtàǹpàkò sókè: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún.

Leith wá sọ ti ìgbéyàwó náà fúnra rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nives jẹ́ kó sọ ọ́ délẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Leith ń kólòlò, nítorí ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti gbé e sọ́kàn. Ó gbá a mọ́ra, ó sì sọ fún un pé kó má tún kun ọgbà mọ́.

Ọjọ́ Sunday mélòó kan kọjá tí Marisa kò pè. Nígbà tí ìyá bá pè é, kò gbé e. Nives kì í bú u. Ó ń dáná, ó ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wo inú iná igun bó bá ti délé, ó gbẹ táútáú. Lọ́jọ́ Sunday kan, fóònù dún nígbà tó ń gbá omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá," ni Marisa wí. "Ṣé iná mọ́tò ọ̀hún ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Obìnrin náà ńkọ́? Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

"Kì í purọ́. Ó ń jẹun dáadáa."

Marisa rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó ní omi nínú. "Wọ́n pè yín síbi ìgbéyàwó náà?"

"Wọ́n pè mí. Mo máa lọ."

"Ó dáa." Nives gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń kọjá ní Perth, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. "Mi ò lè ní kí ẹ bá mi kí wọn, Màmá. Mi ò tíì dé ibẹ̀."

"Mi ò rán ọ níbẹ̀," ni Nives wí. "Bí o bá dé ibẹ̀, o dé ibẹ̀. Kí lo jẹ lónìí?"

Marisa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó jẹ fún un. Nives fa àga wá, ó jókòó.